Kò Sóhun Tó Ṣe Etí Bàbá

Agbo Ilé Ọlọ́kà,
Abúlé Ìdí Ìyeyè,
Ọ̀nà Ìgbòho,
Ṣakí, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Òkúdù, 2025.

Florence Àjọkẹ́, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ń kọ́? Faith ọmọ wa ń kọ́, ṣé ó ti parí ìdánwò rẹ̀? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ yẹn ń kọ́, ṣé ó ti fúyẹ́, àbí ìdúró ilé ìwòsàn ò tíì jẹ́ kó sinmi? Kú iṣẹ́, kú ìrọ́jú, kú àìsùn àwọn aláìsàn. Àwa náà wà bí Ọlọ́run ṣe fẹ́. A ṣọdún Iléyá lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ tó kọjá. Àgbò kékeré kan tí ìwo rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ ni bàbá Wàsíù rà, mo sì ti yan ẹsẹ̀ kan gbẹ fún ọ, nítorí mo mọ̀ pé bí o bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, "ẹran mi dà" ni o máa kọ́kọ́ sọ kí o tó kí ẹnikẹ́ni. Bàbá rẹ wà láàyè, ara wọn le, wọ́n ń jẹun. Mo tètè sọ èyí kí àyà rẹ má baà já nígbà tí Isaac onímọ́tò bá gbé lẹ́tà yìí lé ọ lọ́wọ́.

Mo mọ̀ pé o máa bi ara rẹ pé kí ló ṣe Àwáwù tí kò pè, tó wá ń kọ̀wé bí ìgbà tí o wà ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè ọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yìí, o sì gbé e, a sọ̀rọ̀, a rẹ́rìn-ín, mo sì pa fóònù láìsọ ohun tí mo torí rẹ̀ pè. Bí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ, irọ́ ló máa ń wá sí mi lẹ́nu. Nínú ìwé, mo lè sọ ọ́ tán kí o tó dá mi lóhùn.

O ní o ti ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi sétí fún àwọn tí kò gbọ́ràn, pé o máa mú un bọ̀ ní ìparí oṣù yìí nígbà tí o bá ń bọ̀ wá mú Bàbá. Florence, kò sóhun tó ṣe etí Bàbá. Èmi ni mo ṣe ohun tí wọn ò fi gbọ́.

Jọ̀ọ́, jókòó kí o tó kà á síwájú.

O rántí pé nígbà tí o wá lọ́dún Kérésì, tí o ní kí Bàbá tẹ̀lé ọ lọ sí Òṣogbo kí wọ́n yé dá gbé inú ilé pẹ̀lú ojú tí kò ríran mọ́, wọn ò bá ọ jà. Wọ́n ní àwọn á lọ, kí o ṣáà jẹ́ kí òjò rọ̀, kí àwọn gbọ́ kọ̀ǹkọ̀ inú àbàtà wa lẹ́ẹ̀kan sí i. O rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo ní ṣebí kọ̀ǹkọ̀ ò níbi tó ń lọ. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nìyẹn níwájú ìwọ àti Bàbá, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Bí o bá fẹ́ sọ ọ́ fún Faith, sọ fún un pé kọ̀ǹkọ̀ tí à ń wí kì í ṣe ọ̀pọ̀lọ́ tó ń fò kiri ẹ̀yìn balùwẹ̀ yín. Tiwa tóbi tó kí ọwọ́ méjèèjì ọmọdé má lè ká a. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú mọ́ àwọ̀ ewé tó ti gbó, ó ní ilà gbọọrọ gbọọrọ tó wú sókè bí ojú abẹ́rẹ́ lára aṣọ, ọ̀fun èyí tó jẹ́ akọ sì pọ́n bí ìyeyè tó ti pọ́n. Bí inú bá bí i, á wú bí àkàrà inú epo. Ó ní nǹkan ṣóńṣó méjì bí eyín lágbọ̀n ìsàlẹ̀, kò sì sídìí tí mo fi ń ròyìn ìyẹn fún ọ nígbà tí àpá rẹ̀ ṣì wà ní àtàǹpàkò rẹ. Èmi, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Kókó líle kan wà ní gìgísẹ̀ rẹ̀ tó mú bí ẹnu ọkọ́, òun ló fi ń gbẹ́lẹ̀. Ẹ̀yìn ló fi ń wọlé. Á máa yí ìdí sọ́tùn-ún sósì, á máa rì, orí rẹ̀ ló máa ń gbẹ̀yìn, á sì máa wò ọ́ títí erùpẹ̀ á fi bo ojú rẹ̀.

Inú ilẹ̀ dúdú tó wà láàárín àwọn igi òrí yẹn nìkan ló mọ̀ nílé, ibi tí omi òjò máa ń dúró sí fún oṣù mélòó kan, tí á sì gbẹ lẹ́ẹ̀rùn títí ilẹ̀ á fi sán. Láti ìgbà tí ọyẹ́ bá ti wọlé, ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ló ń sùn sí, á fi awọ ara rẹ̀ tó bọ́ bora bí ìgbà téèyàn fi aṣọ bora, kò jẹ, kò mu. Tí òjò ńlá àkọ́kọ́ bá wá rọ̀, gbogbo wọn á jáde lọ́jọ́ kan náà, wọn á sì máa ké lójú ọ̀sán gangan. Ọjọ́ tí wọ́n bá ké ni Bàbá máa ń ní kí abúlé lọ gbin ọkà bàbà. O rántí bí Màmá rẹ ṣe máa ń nàka sí akọ tó ń ṣọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ wẹ́wẹ́ onírù nínú omi, tó ń fi ẹsẹ̀ la ọ̀nà omi fún wọn bí ibi tí wọ́n wà bá fẹ́ gbẹ, tí wọ́n á ní kí àwọn ọkọ abúlé wá wo ẹgbẹ́ wọn. Ẹ̀yin ń jẹ ẹ́ nílé yín, àwa kì í jẹ ẹ́ nílé wa, ṣùgbọ́n òfin Bàbá kan gbogbo wa. Kí wọ́n ké, kí wọ́n yé, kí ọmọ wọn kúrò nínú omi, ìgbà náà ni ẹni tó bá ń jẹ ẹ́ tó lè mú ìwọ̀nba. Èyí tó bá wà nínú ilẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wú u.

O rántí ọmọ odó. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kẹrin la wà nígbà tí Bàbá mú àwa méjèèjì lọ sí àbàtà tó ti gbẹ, tí wọ́n fi ọmọ odó lu ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí ẹ̀kán òjò bá ń bọ́, tí wọ́n ní kí o wọ́n omi sí i. A dọ̀bálẹ̀, a fi etí lélẹ̀, wọ́n sì dá wa lóhùn láti ìsàlẹ̀. O di ọwọ́ mi mú. Bàbá ní wọ́n rò pé òjò ti dé ni, pé ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́dún làwọn máa ń ṣe é, láti fi mọ̀ pé wọ́n ṣì wà, kí a má sì fi han àlejò kankan láyé. A fi ìka kan ilẹ̀, a fi kan ahọ́n. Ìwọ ò fi han ẹnikẹ́ni títí o fi lọ. Èmi ni.

N ò ní purọ́ pé wọ́n pọ̀ kí n tó bà á jẹ́. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, tí wọ́n bá ń ké, a ò lè gbọ́ ohùn ara wa nínú ilé. Lọ́dún tó kọjá, mo dúró létí àbàtà, mo lè ka ohùn wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdajì ibẹ̀ ti di oko kajú, oògùn apakoríko tí wọ́n ń fọ́n síbẹ̀ sì ń ṣàn wọ inú omi. Mo ti rí àwọn ọmọ wọn wẹ́wẹ́ tó léfòó, ikùn sókè. Màlúù tó ń wá mumi ti tẹ etí rẹ̀ le, ọkọ́ gan-an ò wọ ibẹ̀ dáadáa mọ́, ká tó sọ gìgísẹ̀ kọ̀ǹkọ̀. Àwọn ọlọ́kadà sì ti sọ ẹ̀bá rẹ̀ di ọ̀nà àbùjá, ọjọ́ tí wọ́n bá ń jáde ni ọ̀pọ̀ wọn ń kú sí abẹ́ táyà. Gbogbo ìyẹn ń pa wọ́n díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó kù yẹn, Florence, àwọn ni Bàbá ń dúró dè.

Lẹ́yìn tí o padà, nínú oṣù kìíní, ọkùnrin méjì gbé ọ̀kadà wá pẹ̀lú àpò. Kọ̀ǹkọ̀ ni wọ́n ń wá, wọ́n ní àwọn ń sá a gbẹ, àwọn ń kó o lọ tà lọ́nà jíjìn. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń fi ọkọ́ gbẹ́ àbàtà kiri, mẹ́ta péré ni wọ́n rí. Èyí tó ń jẹ́ Samsudeen nínú wọn, ará Kíṣí ni, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi níbi tí mo ti ń bẹ pákí, ó ní kí Ìyá Wàsíù fún àwọn lómi. Bó ṣe ń mu omi, ó yíjú sí ẹnìkejì rẹ̀, ó ní àwọn ará ibí yìí ò mọ ohun tó wà nínú ilẹ̀ wọn, pé ní Kíṣí, ọmọdé pàápàá mọ̀ ọ́n.

Ìwọ mọ̀ mí. Ẹni tó bá fẹ́ mú Àwáwù, kó ṣáà ti sọ pé Àwáwù ò mọ nǹkan kan. Mo gbọn èèpo pákí kúrò lára ìró mi, mo gbé ọmọ odó, mo bu omi sígbá, mo ní kí wọ́n tẹ̀lé mi. Mo lu ilẹ̀ bí Bàbá ṣe kọ́ wa. Mo wọ́n omi sí i. Wọ́n dáhùn lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, lọ́tùn-ún, lósì, níwájú. Samsudeen ní, "Ìyá, ẹ mà mọ̀ ọ́n o." Orí mi wú. Mo padà sídìí pákí mi pẹ̀lú ìdùnnú, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi lu ilẹ̀ náà. Mo ń gbọ́ ọ láti ilé, mo sì ń sọ fún ara mi pé ìwọ̀nba ni wọ́n máa kó. Bàbá ò sí nílé nígbà náà, ọ̀dọ̀ àbúrò wọn Ládòkun ní Ìgbòho ni wọ́n wà, ìwọ náà mọ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún tí mo lọ wò ó, àbàtà rí bí oko tí wọ́n ti wa iṣu rẹ̀ tán, ihò lórí ihò. Lórí àpáta lẹ́bàá ibẹ̀ ni wọ́n ti sá wọn, òróró ara wọn ṣì wà lójú òkúta. Wọ́n ti lọ. Wọ́n fi ike epo pupa kan sílẹ̀ fún mi lọ́wọ́ Wàsíù, a sì ti fi se ọbẹ̀ jẹ tán.

Òjò ńlá rọ̀ ní oṣù Igbe. Bàbá ti padà dé nígbà náà. Wọ́n ní kí n gbé àga àwọn lọ sẹ́yìn ilé, kí n kọ ojú rẹ̀ sí àbàtà. Wọ́n dé fìlà, bí ẹni ń retí àlejò. Wọ́n jókòó títí ọjọ́ fi rọ̀, kò sí nǹkan kan, wọ́n ní òjò ò tíì wọlẹ̀ tó. Òjò kejì rọ̀. Ìkẹta rọ̀. Ẹnì kan ti gbin ọkà bàbà láìdúró de Bàbá, nítorí fóònù ló ń sọ ìgbà òjò fún wọn báyìí. Lẹ́yìn òjò ìkẹta ni Bàbá ní, "Àwáwù, etí náà ti tẹ̀lé ojú lọ."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo ní, "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ọjọ́ orí ni."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti gbà pé àwọn ti ń dití, pé ohùn ìtòsí tí àwọn ṣì ń gbọ́ náà ò ní pẹ́ lọ. Wọn ò dá sí ọ̀rọ̀ mọ́. Wọn ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kí ni àwọn fẹ́ lọ gbọ́ níbẹ̀. Bí èèyàn bá kí wọn, wọ́n á mi orí lásán, àwọn ará ilé náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo mọ́ wọn, Tàjúdéènì ọkọ mi ló sì ń pariwo jù. Ohun tí ìwọ náà gbọ́ lórí fóònù nìyẹn tí o fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀rọ kiri. Ọkùnrin tó gbọ́ ohun gbogbo ló ń jókòó láàárín wa bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan, èmi tí mo mọ̀ sì ń gbé oúnjẹ fún wọn láàárọ̀ lálẹ́.

Nígbà tí kò dẹ̀ mí lọ́rùn mọ́, mo tún ṣe òmùgọ̀ kan. O rántí ohùn kọ̀ǹkọ̀ tí o gbà sílẹ̀ nínú fóònù rẹ, ọdún tó ṣáájú ikú Màmá, tí o fi ránṣẹ́ sí mi lórí Wọ́sáàpù. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, lẹ́yìn òjò ìrọ̀lẹ́ kan, mo gbé fóònù pamọ́ sínú koríko lẹ́yìn ògiri, mo sì tẹ̀ ẹ́. Bàbá gbé orí sókè. Wọ́n na ọwọ́ bí ẹni ń ní kí gbogbo ayé dákẹ́. Wọ́n ní, "Wọ́n ti dé." Florence, ojú wọn tàn, wọ́n ń fi ìka ka ohùn wọn lórí orúnkún, mo sì ń yin ara mi lọ́gbọ́n níbi tí mo dúró sí.

N ò gbọ́ ọ dé òpin rí. N ò mọ̀ pé ohùn Màmá wà níbẹ̀. Ohùn wọn kan náà, bí ẹni wà lẹ́nu ọ̀nà: "Àjọkẹ́, kúrò nínú ẹrẹ̀ yẹn, wá gbé oúnjẹ bàbá rẹ."

Bàbá ò mira. Wọ́n rọra ṣí fìlà. Wọ́n ní, "Àwáwù, lọ pa á. Etí mi ò ṣe nǹkan kan." Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Àwọn yẹn dà?"

Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, Samsudeen, pákí, ọmọ odó, ike epo. Mo ń retí kí wọ́n bú mi, mo ń retí kí wọ́n fi ọ̀pá nà mí pàápàá, á bá tù mí lára. Ohun tí wọ́n bi mí ò ju méjì lọ. Wọ́n ní, "Nígbà tí o lu ilẹ̀, ṣé wọ́n dáhùn?" Mo ní wọ́n dáhùn. Wọ́n ní, "Gbogbo wọn?" Mo ní gbogbo wọn ni, Bàbá. Wọ́n mi orí, wọ́n sì ní kí n mú àwọn wọlé.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti tún ń dá èèyàn lóhùn. Wọ́n sọ fún Tàjúdéènì pé kó yé pariwo mọ́ àwọn, pé àwọn kì í ṣe ewúrẹ́. Wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Gbogbo ilé ń dúpẹ́ pé etí Bàbá ti là, wọ́n ní àdúrà ló gbà. N ò lè bá wọn ṣe àmín yẹn.

Lánàá ni Bàbá ní kí n gbé ọmọ odó, kí n mú àwọn lọ sí àbàtà. Wọ́n ní ó lè ku ọ̀kan tó jìn sílẹ̀ tí kò tíì gbọ́ òjò, tàbí èyí tó gbọ́ tí kò gbà á gbọ́ mọ́. Mo ní ilẹ̀ tutù. Wọ́n dùbúlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn, wọ́n fi etí ọ̀tún lélẹ̀. Mo lu ilẹ̀. Wọ́n ní kí n rọra, pé òjò kì í bínú tó bẹ́ẹ̀. Mo tún un lù. Ibi mẹ́ta la lọ, ìdí ìyeyè, ibi àpáta, etí oko kajú, ibi kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ti dùbúlẹ̀. Lẹ́yìn èyí tó gbẹ̀yìn, wọ́n ní ó tó, mo gbé wọn dìde. Mo ń fi ìborùn mi nu ẹrẹ̀ kúrò létí wọn, mo bi wọ́n bóyá wọ́n gbọ́ nǹkan kan.

Wọ́n ní, "Mo gbọ́ dáadáa. Ìwọ nìkan ni mo gbọ́."

Bó ṣe rí nìyẹn. Wọ́n ti ní kí n bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù àwọn, wọ́n ní kò sí ohun tí àwọn ń dúró dè mọ́. O máa mú Bàbá lọ bí o ṣe fẹ́, n ò sì mọ̀ bóyá kí n kí ọ kú oríire. Bí o bá lè dá ẹ̀rọ etí yẹn padà fún ẹni tó tà á, dá a padà. Bí o bá fẹ́ bú mi, jẹ́ kó jẹ́ níwájú Bàbá, nítorí ẹni tó dákẹ́ ló ń pa mí. Mo ti ní kí Wàsíù bá mi gbin ẹ̀gún yí apá tó kù nínú àbàtà ká, bóyá ọ̀kan á ṣáà yà wá láti ibòmíràn. Mo mọ̀ pé n kò lè fi ìyẹn dí ohun tí mo ṣe.

Bá mi kí ọkọ rẹ, bá mi kí Faith, sọ fún un pé mo ń retí rẹ̀. Àwọn ọmọ ń kí ọ, Tàjúdéènì náà ń kí ọ. Bàbá ní kí n kí ọ, wọ́n sì ní kí n bi ọ́ pé ní àyíká ilé yín ní Òṣogbo yẹn, tí òjò bá rọ̀, ṣé nǹkan kan máa ń ké.

Èmi ni Àwáwù rẹ, tí a jọ fi ìka kan ilẹ̀,

Àwáwù.